Iyọ̀ Nídìí Àjàrà

Ẹ̀rù máa ń bà mí. Kí n tètè sọ ìyẹn ná, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé akíkanjú obìnrin ló ń sọ̀rọ̀. Ẹnu mi mú lóòótọ́. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Padova mọ̀ mí sí ẹni tí kì í gba ìgbàkugbà, ṣùgbọ́n nínú mi lọ́hùn-ún, ojo ni mí. Mo bẹ̀rù ajá. Mo bẹ̀rù lẹ́tà tó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Láti ìgbà tí mo sì ti ń tọ́jú ọgbà àjàrà, mo ti bẹ̀rù òjò, mo ti bẹ̀rù oòrùn, mo ti bẹ̀rù kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí. Àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí ẹ̀rù ò bà mí, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì ṣe ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nílùú yìí.

Kì í ṣe àjàrà ló gbé mi dé orí òkè yẹn. Badante ni mí, àwa tí a ń tọ́jú arúgbó nínú ilé wọn. Ìyá kan ni mo lọ tọ́jú, ní ilé oko kan lórí àwọn òkè tó wà lẹ́yìn Padova, níbi tí bọ́ọ̀sì á ti já èèyàn sílẹ̀ tí èèyàn á tún fẹsẹ̀ rìn. Ìyá yìí àti ọkọ wọn ló ń gbébẹ̀. Ọkọ wọn ni mo ń pè ní Bàbá títí di òní. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, obìnrin, wà ní Torino, ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì. Ní ìgbà ìrúwé ọdún tí mo débẹ̀, kí àìsàn tó dá Ìyá dúbúlẹ̀ pátápátá, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbin àjàrà sí ìdagẹ̀rẹ̀ tó wà níwájú fèrèsé yàrá àwọn. Ìlà méjìdínlógún. Wọ́n fẹ́ máa wò ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn kí wọ́n lè rí àwọn igi tín-ín-rín náà, tí kò ju ọ̀pá ìgbálẹ̀ lọ.

Ìyá ò rí èso rẹ̀. Wọ́n kú kí àjàrà náà tó pé ọdún méjì.

Lọ́jọ́ kẹta tí a sin wọ́n, ọmọ wọn jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ó la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ó ní àjàrà yẹn ò láárí, ó ní ìdajì rẹ̀ ò tiẹ̀ dàgbà. Ó ní òun ti rí àwọn tó fẹ́ yá ilẹ̀ náà láti to páńẹ́ẹ̀lì oòrùn sí i, ọjọ́ kan péré ni katakata á fi hú gbogbo ẹ̀ kúrò. Bàbá ò jà. Bàbá kì í jà. Wọ́n kàn ní, "Jẹ́ ká fi ṣe wáìnì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí wáìnì náà bá dáa, kó dúró. Bí kò bá dáa, pe katakata rẹ." Ọmọ náà wo bàbá rẹ̀ títí, ó ní kò burú.

Èmi tí mo dúró nídìí síńkì, tí mò ń fọ kọ́ọ̀pù, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju bó ṣe dun ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Ẹni tí mò ń tọ́jú ti kú, contratto iṣẹ́ mi ti bá a kú. Permesso mi, ìwé tó fún mi láyè láti máa gbé ìlú yìí, oṣù mẹ́fà ló kù lórí ẹ̀. Bí n ò bá ní contratto mìíràn, questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àlejò, ò ní tún un ṣe fún mi. Yàrá tí mò ń sùn, inú ilé wọn náà ló wà. Mo fọ kọ́ọ̀pù kan náà bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin.

Nígbà tí ọmọ náà padà sí Torino, Bàbá bi mí pé, "Signora, ṣé ẹ lè ṣiṣẹ́ oko?"

Mo ní mo lè ṣe é. Irọ́ ni. Iṣu ni bàbá tèmi ń gbìn nílé, gbogbo ohun tí mo mọ̀ nínú oko wọn ò ju kí n gbé omi lọ fún wọn lọ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ sọ pé òun ò lè ṣe é? Báyìí ni Bàbá fún mi ní contratto alágbàṣe oko, ọdún kan, tí a ó máa tún ṣe lọ́dọọdún títí wáìnì àkọ́kọ́ á fi jáde. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀kan: bí àjàrà yẹn bá yè, mo yè, bí wọ́n bá sì hú u, èmi náà ni wọ́n hú yẹn.

Gígé ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi. Lóṣù kejì ọdún, nígbà tí òtútù ń jẹ èèyàn níka, Bàbá fún mi ní àlùmọ́gàjí ńlá kan, wọ́n ní kí n gé gbogbo ẹ̀ka tó yọ lọ́dún tó kọjá, kí n fi ojú méjì péré sílẹ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú ni ibi tí ewé tuntun á ti rú. Níbi tí wọ́n ti bí mi, ohun tó bá ń hù, ńṣe là ń kẹ́ ẹ, a kì í gé e di kùkùté. Mo fi ojú mẹ́rin sílẹ̀ lára igi kan, mo rò pé Bàbá ò rí mi. Wọ́n gba àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi, wọ́n gé méjì dànù.

"Signora, bí ẹ bá ń ṣàánú àjàrà báyìí, ewé lásán ni ẹ máa ká."

Bàbá kì í fi "ìwọ" bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí àwọn ará ìlú yìí ní, òun ni wọ́n ń fi pè mí láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, bí èmi náà ṣe ń pè wọ́n. Nínú gbogbo ilé tí mo ti ṣe badante, Bàbá nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, mo jáde láàárọ̀, mo rí omi tó ń kán láti gbogbo ibi tí mo ti gé, igi lẹ́yìn igi, tó, tó, tó. Orí mi wú. Mo ní mo ti pa á. Mo sáré wọlé pẹ̀lú bàtà ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́sẹ̀, mo ní, "Bàbá, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ o." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé wọn. Wọ́n ní ẹkún ló ń sun, wọ́n ní bí gbòǹgbò bá ti jí lójú oorun, àjàrà tí wọ́n gé gbọ́dọ̀ sunkún, èyí tí kò bá sunkún ni kí n bẹ̀rù. Èmi tí ẹ̀rù kì í wọ́n lọ́wọ́ mi, mo padà jáde, mo ń yẹ igi wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń wá èyí tí kò sunkún. Nísàlẹ̀ ìdagẹ̀rẹ̀, nínú ìlà mẹ́ta tó kẹ́yìn, omi tó ń kán níbẹ̀ ò tó nǹkan. N ò sọ fún Bàbá.

Ìlà mẹ́ta yẹn náà ló dá wàhálà sílẹ̀ nígbà tó di ìgbà ooru. Ewé wọn pọ́n. Ti òkè tutù yọ̀yọ̀, tìsàlẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Bàbá ní ilẹ̀ ibẹ̀ ló le, wọ́n da oògùn díẹ̀ sí i, wọ́n ní ká ní sùúrù. Sùúrù! Permesso ò ní sùúrù. Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ wo ewé yẹn, bí mo bá sì ti wò ó tán, oúnjẹ ò ní lọ lọ́fun mi mọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé ní Nichelino, lẹ́bàá Torino, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan níbẹ̀. Àwọn ni mo máa ń pè bí ẹ̀rù bá bà mí, ìyẹn ni pé ojoojúmọ́ ni mò ń pè wọ́n. Aládùúrà paraku ni wọ́n.

"Ṣé o ti gbàdúrà sí ilẹ̀ náà?" Ìbéèrè wọn nìyẹn.

"Mò ń gbàdúrà, ẹ̀gbọ́n mi."

"Kì í ṣe orí bẹ́ẹ̀dì rẹ ni mò ń wí. Sí ilẹ̀ náà gan-an ni mo ní."

Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Padova, tí wọ́n sùn síbẹ̀ lọ́jọ́ méjì, ẹ̀gbọ́n mi wọ ọkọ̀ ojú irin wá. Nínú báàgì wọn ni iyọ̀ wà, ẹ̀kúnwọ́ kan tí wọ́n dì sínú ọ̀rá, iyọ̀ tí pásítọ̀ wọn ti gbàdúrà sí. Wọ́n rán mi létí wòlíì ayé àtijọ́ tó da iyọ̀ sómi ìlú kan tí ilẹ̀ wọn yàgàn, tí gbogbo ẹ̀ sì sàn. Mo mọ ìtàn náà láti ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni mo ti fẹ́ jiyàn? Iyọ̀ ni wọ́n fi tọ́ èmi gan-an lẹ́nu lọ́jọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ, kí ayé mi lè dùn. Bí a bá fẹ́ ṣe àdúrà rere, iyọ̀ là ń mú. Ìgbín nìkan ni mo mọ̀ tí iyọ̀ ò bá lára mu, n ò sì rí ìgbín kankan nínú ọgbà yẹn.

Pásítọ̀ ti ní kí a kàn wọ́n ọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú ní orí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ká ní ibẹ̀ la dúró sí, ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi wo ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ náà, wọ́n wo ìlà mẹ́ta, wọ́n ní, "Èyí ò lè tó. Àbí ìwòsàn ìdajì lo fẹ́ ni?" Èmi tí mo máa ń bá gbogbo èèyàn jiyàn, mo ní òótọ́ ni. A jọ lọ sí súpámákẹ́ẹ̀tì tó wà ní abúlé, a ra iyọ̀ onígóńgó, oníhóró ńláńlá tí wọ́n fi ń se pasta, àpò mẹ́wàá, kílò kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. A da gbogbo ẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù omi, a da ẹ̀kúnwọ́ pásítọ̀ mọ́ ọn kí àdúrà náà lè ran ìyókù. A fi igi rò ó títí ó fi yọ́, a wá ń fi garawa bù ú, a ń da á sídìí igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi ń kọrin lábẹ́lẹ̀. "Ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí bí a ṣe ń lọ, èmi náà ń ṣe àmín. Ọjọ́ tí ẹ̀rù ò bà mí nìyẹn. Mo sùn bí ọmọ ọwọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí etí ewé fi bẹ̀rẹ̀ sí í jóná. Òjò ò rọ̀ rárá lásìkò yẹn, oòrùn ń ta gidi. Kì í ṣe pípọ́n mọ́, ó ti di àwọ̀ kọfí. Bàbá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú aṣọ lójú kan, wọ́n fọwọ́ pa ewé kan, ó rún mọ́ wọn lọ́wọ́ bíi bísíkíìtì. Wọ́n dúró síbẹ̀ pẹ́. Ojú tí wọ́n ní lọ́jọ́ tí Ìyá kú ni wọ́n fi ń wò ó.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, ṣùgbọ́n mo mọ̀.

Bàbá pe ọmọ wọn. Orí fóònù ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere, nítorí etí Bàbá ò gbọ́rọ̀ dáadáa, wọ́n máa ń gbé ohùn fóònù sókè. Àrùn kan wà tí gbogbo àgbẹ̀ àjàrà agbègbè yẹn ń bẹ̀rù bí ikú, bó bá wọ ọgbà, òfin ní kí wọ́n hú u. Ọmọ náà ní àrùn yẹn ni. Ó ní kí Bàbá pe tecnico, ẹni tó máa ń yẹ ewé wò, kó wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó ní lọ́jọ́ Sátidé, òun náà á wá pẹ̀lú oníkatakata. Ó ní bó bá jẹ́ àrùn, òfin á hú u, bí kò bá sì jẹ́ àrùn, òun ò lè máa dúró de ohun tó ti ń kú lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bàbá ní, "Àdéhùn wa ńkọ́?" Ó ní, "Papà, ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, iyọ̀ yẹn ti pa á o."

"Iyọ̀ àdúrà kì í pa nǹkan."

"Kílò mẹ́wàá tó ti súpámákẹ́ẹ̀tì wá ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ ohùn sílẹ̀, "Ta ló rí ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rí wa."

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́ nígbà náà. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ọ jáde ni? Dákẹ́, kí o máa wò ó."

Mo gbìyànjú. Ọjọ́ méjì ni mo fi dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó wò. Bí mo bá dákẹ́, katakata á dé lọ́jọ́ Sátidé, á hú ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò ṣe nǹkan kan mọ́ ìlà mẹ́ta tí mo bàjẹ́, contratto mi á bá a lọ. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ta ló máa fi ẹni tó da iyọ̀ sórí oko sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ oko? Iwájú ò ṣeé lọ, ẹ̀yìn ò ṣeé padà sí. Ohun tó wá mú mi sọ̀rọ̀ kì í ṣe ìwà mímọ́, kí n má purọ́. Mo ń kọjá níwájú fèrèsé Ìyá, mo rí ìrọ̀rí wọn tó ṣì wà lórí àga níbẹ̀. Ẹ̀mí mi ò gbà á mọ́.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Bàbá ń rẹ búrẹ́dì sínú kọfí onímílíìkì. Mo di ẹ̀yìn àga mú, mo sọ gbogbo ẹ̀ láì mí: ẹ̀gbọ́n mi, pásítọ̀, dúrọ́ọ̀mù, garawa. Mo ní, "Kì í ṣe àrùn, Bàbá. Èmi ni."

Búrẹ́dì wọn já sínú kọfí. Wọn ò yọ ọ́.

"Iyọ̀ tó tó báwo?"

"Kílò mẹ́wàá."

"Onígóńgó tàbí èyí tó kúnná?"

"Onígóńgó."

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nu ún, wọ́n tún un wọ̀. Mo ti ń ronú àpótí wo ni màá kó aṣọ mi sí. Nígbà tí wọ́n máa dìde, ìta ni wọ́n gbà lọ, mo gbọ́ tí wọ́n ń wọ́ rọ́bà omi lórí òkúta. Wọ́n kígbe pè mí láti ìsàlẹ̀ pé kí n mú ṣọ́bìrì wá.

Omi ni wọ́n ní a máa fi lé e jáde, omi púpọ̀, kó gbé iyọ̀ náà sọ̀ kalẹ̀ kọjá gbòǹgbò. A gbẹ́ kòtò tóóró sísàlẹ̀ ìlà kọ̀ọ̀kan kí omi lè rí ibi gbà lọ. Láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mọ́kànlá, a ń bomi sí i, a ń dúró kó fà, a tún ń bomi sí i. Bàbá pe tecnico, wọ́n ní kó má wulẹ̀ wá mọ́. Wọ́n pe ọmọ wọn pẹ̀lú, wọ́n ní ọ̀gbẹlẹ̀ ni, àwọn ti ń bomi sí i, kó fi katakata rẹ̀ sílẹ̀ títí wáìnì á fi jáde bí wọ́n ṣe jọ sọ. Mo gbọ́ irọ́ yẹn. N ò gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n n ò lanu.

Lọ́jọ́ kẹta tí a ń fọ ilẹ̀ yẹn, a jókòó sínmi lábẹ́ igi. Bàbá bi mí bóyá mo mọ ẹ̀ka ólífì gbígbẹ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá Ìyá. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo ti fura sí i, mo tiẹ̀ ti bá a wí lórúkọ Jésù nígbà tí Ìyá sùn. Bàbá ní ọdọọdún ni Ìyá ń gbà á ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìmọ̀ ọ̀pẹ, bí yìnyín bá sì fẹ́ já sórí oko, wọ́n á jó díẹ̀ nínú rẹ̀ kí yìnyín lè yà.

"Ṣé ó máa ń yà?"

"Nígbà míì," Bàbá wí. "Ṣùgbọ́n inú ilé ìdáná ló ti ń jó o, signora. Kò jó o mọ́ igi nídìí."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sunkún mọ́ ọn.

Igi mọ́kànlá kú nínú ìlà mẹ́ta yẹn. Ìyókù rú ewé nígbà tí ọdún yí, wọ́n sunkún dáadáa nígbà tí a gé wọn. Bàbá tún contratto mi ṣe fún ọdún kan sí i, permesso mi gba ọdún kan, ìyẹn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kí n tó mọ̀. Ọdún yẹn ni àjàrà so tó ohun tí a lè fi ṣe wáìnì, àyà mi ò sì balẹ̀ níṣẹ́jú kan. Bí ẹyẹ bá bà lé okùn tí a fi gbé àjàrà ró, màá sáré jáde. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan lóṣù keje, ojú ọ̀run ṣú dùdù, afẹ́fẹ́ tutù lójijì, Bàbá ní yìnyín ni. Wọ́n já ẹ̀ka ólífì nínú yàrá Ìyá, wọ́n ṣáná sí i lórí sítóòfù. Èmi wà nílẹ̀ lórí orúnkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, mò ń fi èdè Yorùbá pe Ọlọ́run. Yìnyín náà já sórí òkè kejì, ó fọ́ oko àwọn yẹn yángá. Èéfín ólífì ò kúrò lára aṣọ mi fún ọ̀sẹ̀ kan. N ò sọ fún pásítọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá wa ká èso lóṣù kẹsàn-án. Ní ibùdókọ̀ ojú irin, kí n tó kí wọn tán, mo gba báàgì wọn, mo tú u yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ níwájú gbogbo èèyàn.

"Kí lò ń wá?"

"Ẹ mọ ohun tí mò ń wá, ẹ̀gbọ́n mi."

Wọ́n bínú sí mi títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n wọ́n ká èso ju èmi àti Bàbá lọ.

A fún un, a rọ ọ́ sínú ìgò oníkùn ńlá nínú àjà ilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Lójoojúmọ́ ni mò ń lọ fi etí tì í. Bó bá hó, mo bẹ̀rù pé ó ń bàjẹ́. Nígbà tó dẹ́kun híhó, mo bẹ̀rù pé ó ti kú. Ìjọ wa ò fọwọ́ sí ọtí, mo ti sọ èyí fún Bàbá, Bàbá wá kọ́ mi ní ohun tí àwọn tó mọ wáìnì tọ́ wò máa ń ṣe: wọ́n á fi yí ẹnu ká, wọ́n á tu ú sínú garawa. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tọ́ ọ wò láti oṣù kọkànlá títí di ìgbà ìrúwé, tí ìsun kan ò gba ọ̀fun mi kọjá. Ó kọ́kọ́ kan bíi ọsàn wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn náà ó rọ̀.

Oṣù kẹrin ni ọmọ náà dé láti Torino. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí permesso mi tán. Bàbá bu wáìnì fún un ní ilé ìdáná, wọ́n gbé garawa kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kó lè tu ú. Èmi dúró nídìí síńkì, ibi tí mo dúró sí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dárúkọ katakata. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó fi yí ẹnu ká. Mo ń wo garawa yẹn. Ó gbé e mì. Ó tún mu lẹ́ẹ̀kejì, ó gbé e mì, ó bojú wo fèrèsé.

"Màmá ì bá fẹ́ràn rẹ̀," ó wí. "Ó dáa, Papà. Kó dúró."

Ó yẹ kí ó parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní òun fẹ́ rìn ká inú ọgbà, a sì tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó rí àlàfo. Mọ́kànlá, kò ṣeé fi pamọ́.

"Kí ló ṣe ibí?"

"Òtútù ló parí ohun tí ọ̀gbẹlẹ̀ bẹ̀rẹ̀," Bàbá wí. Wọn ò wo ojú mi.

Òtútù bá ibẹ̀ mu, ìsàlẹ̀ ló máa ń kó jọ sí. Ọmọ náà ti fẹ́ yí padà. Bí mo bá dákẹ́, ó ti bùṣe, contratto mi tuntun, tí ó ti bá Bàbá tẹ̀ wá láti Torino, wà nínú báàgì rẹ̀, mo ti rí i. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá, èmi ni yóò sì máa bẹ̀rù ọjọ́ kan yẹn láràárọ̀. Ẹ̀rù tí mo ní tẹ́lẹ̀ ti tó mi. N ò lè gba òmíràn mọ́ ọn.

"Kì í ṣe òtútù," mo wí. "Èmi ni mo da iyọ̀ sí i."

Mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún bàbá rẹ̀. Bó ti gbọ́ tán, ó yíjú sí Bàbá. Bàbá ń wo bàtà wọn bí ọmọ tí olùkọ́ mú. Ó ní, "Papà, ẹ mọ̀?" Ọmọ náà gun òkè padà sínú ilé, èmi tẹ̀ lé e, mo ti di ẹrù mi tán nínú ọkàn.

Ó jókòó sí tábìlì. Ó yọ contratto jáde, ti ọdún kan, ó fi gègé fa ìlà gba orí ọdún kan náà.

"Ẹ̀yin lẹ pa igi mọ́kànlá. Ẹ̀yin lẹ máa gbin mọ́kànlá mìíràn. Ẹ ò ní kúrò níbí títí wọ́n á fi so." Kò rẹ́rìn-ín. "Papà, ọdún mélòó ni àjàrà fi ń so?"

Àgbẹ̀ ló bí i, inú oko ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó mọ̀.

"Ọdún mẹ́ta," Bàbá wí.

Ó kọ ọdún mẹ́ta. Ó ní kí n buwọ́ lù ú. Mo rò pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí, mo ń dúpẹ́, mo ń bẹ̀bẹ̀, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó tún un tẹ̀ dáadáa lẹ́rọ, ó fi ránṣẹ́. Ìgbà tí mo gbé e dé questura, tí akọ̀wé ń ka ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀, tó tún un kà, tó sì gbójú sókè wò mí bí ẹni tí kì í sábà rí irú ẹ̀, ìgbà yẹn ló tó yé mi ohun tí ọmọ náà fún mi: ọdún mẹ́ta tí n ò ní máa bẹ̀bẹ̀ fún contratto lọ́dọọdún. Mo jókòó sórí àga ike níbẹ̀.

Mo ti gbin igi mọ́kànlá náà. Wọn ò tíì ju ọ̀pá ìgbálẹ̀ lọ. Èmi nìkan ni mò ń bomi sí wọn, Bàbá ò dá sí i, fèrèsé Ìyá ni wọ́n ti ń wò mí. Lójoojúmọ́, kí n tó da omi sídìí wọn, mo máa ń ki ìka bọ inú garawa, mo máa ń fi kan ahọ́n mi.